Ẹni tó ń yọ irin lẹ́yìn Àmírà

Ojúlé Gàníyù Télọ̀,
Ẹ̀jìgbò.

Àmírà ọmọ mi,

Àsàlámù àlàékúmù. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òòrùn Àbújá ò pọ̀ jù? Ọlọ́hun tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka á máa ṣọ́ ìwọ náà, àmín. Àlàáfíà la wà. Iṣu wa lóko ìlú Ara ta dáadáa, orúnkún tó ń dun ìyá rẹ náà ti rọ̀ díẹ̀, àbúrò mi Kàmọ́rù sì ti dé láti Abidjan, ó ní kí n sọ fún ọ pé bonjour.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí fóònù máa ń gé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu ẹni, ni mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí Wàsíù dẹ́rẹ́bà bá mi mú un wá fún ọ. O bi mí lọ́jọ́ Àlàmísì pé kí ló dé tí Joanna ọ̀rẹ́ rẹ kì í gbé ìpè rẹ mọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo pè é.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ti ọjọ́ tí ìwọ àti Joanna jọ gun àpáta, ló fà á. Bàbá mi gun ọ̀pẹ ní ìlú Ọlá títí ó fi darúgbó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan igbà tó fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ìyá wa pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀. Mo wá rí ọ lára àpáta gàgàrà bí ọmọ alángbá, tí ò ń ki irin bọ pàlàpálá, tí ò ń fi okùn kọ́ ọ, ọkàn mi sì fẹ́ẹ́ balẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí Joanna tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó ń yọ irin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó tún ń rẹ́rìn-ín! Mo pariwo mọ́ fóònù pé kó fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ sáré wọlé, ó ní ta ni mò ń bá jà nínú yàrá èmi nìkan, mo ní ọ̀tá ọmọ wa ni. Ibẹ̀ ni dátà tán.

Mo wá nọ́ńbà Joanna tí o fi pè mí nígbà tí fóònù rẹ bàjẹ́, mo pè é, mo sì sọ fún un pé ẹni tó ń yọ ohun tí ọmọ mi gbé ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́, kó jìnnà sí ọ. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n má bínú.

Àná ni Wàsíù fi dátà tirẹ̀ jẹ́ kí n wò ó dópin. Mo rí ọ lórí àpáta, o fẹsẹ̀ tilẹ̀, okùn Joanna wà lọ́wọ́ rẹ, ò ń fà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Wàsíù ní Bàbá, Àmírà ti dé òkè kí ẹni ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin, kí wọ́n má baà fi nǹkan sílẹ̀ lára àpáta ni. Okùn ọwọ́ Àmírà ló gbé e dúró. Ó ní àbí ẹ rò pé ó ń jí irin ni? Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, èmi ni mo pè é ní ọ̀tá.

Jọ̀ọ́, lọ bá a nílé, má pè é lórí fóònù, kí o ka lẹ́tà yìí sí i létí. Mo rí i pé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ti ya. Bá mi wọn ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra kákí tó nípọn, màá rán an ní ojú abẹ́rẹ́ méjì-méjì. Má bínú pé owó rẹ ni mo fẹ́ fi tọrọ àforíjì, ọwọ́ mi ò dẹ̀ lásìkò yìí.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ ò ní gun òkúta kankan mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá máa gùn ún, di okùn rẹ̀ mú, má ṣe wo ibòmíràn. Bàbá kan ń retí òun náà nílé.

Ọlọ́hun á mú ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì padà kanlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù.