Ilé Ọsàn Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Dè Mí

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù ti tún dé sí Bronx. Híítà ilé mi ní Williamsbridge ti bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀, ó ń kan gbàgbàgbà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Mo jókòó ní ìdáná, mo ń bó ọsàn. Ọsàn ìlú yìí nípọn léèpo, kò sì gbọ́ràn sí abẹ lẹ́nu. Mo bó o, ó já. Mo mú òmíràn, òun náà já. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n bó.

Ọ̀rọ̀ Ṣadé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mò ń jowú àbúrò mi, Bàbá. Irun mi ti ń funfun, mo ti lọ́mọ lọ́mọ, ó sì yẹ kí irú èyí ti kúrò lára mi. Kò kúrò.

Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ mi lẹ fẹ́ kọ́kọ́ wá. Físà Amẹ́ríkà ò bọ́ sí i, ti Jámánì bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe gba ọ̀dọ̀ Ṣadé lọ. Èmi náà ò lè wá bá yín níbẹ̀ torí mi ò tíì ní ìwé nígbà yẹn. Tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Ṣadé mú yín lọ wo ààfin, mò ń fún ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú lóúnjẹ, ni àwòrán yín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù mi. Ẹ̀yin àti Ṣadé ní ààfin ọba àtijọ́. Ẹ̀yin lábẹ́ àjà tí wọ́n ya àwọn áńgẹ́lì sí, tí wọ́n fi wúrà yí wọn ká. Ẹ̀yin nínú yàrá tó jẹ́ kìkì jígí. Ẹ̀yin nínú ọgbà, níwájú omi tó ń tu sókè. Ṣadé sì di apá yín mú nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó náà bi mí pé kí ló dé tí mo fi dá ṣíbí dúró. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni.

Kò tán síbẹ̀. Ìtàn fìlà àti bàtà yín ni Ṣadé fi ń pa gbogbo ẹbí lẹ́rìn-ín látìgbà náà. Pé ẹ dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ sì pàṣẹ pé kí òun náà bọ́ tirẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ọba lẹ ń lọ. Pé àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wá, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn yín. Pé ẹ bèèrè ọba tí ẹ máa kí, wọ́n ní èyí tó jẹ kẹ́yìn ti wàjà tipẹ́tipẹ́, wọn ò sì fi òmíràn jẹ. Pé ẹ wo ìtẹ́ tó ṣófo náà títí, ẹ mi orí, ẹ ò sì dé fìlà yẹn padà títí ẹ fi jáde. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹkún ni. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ ẹnu Ṣadé ni màá ti máa gbọ́ bí bàbá mi ṣe bọ́ bàtà?

Ẹ wá lọ. Ìwé mi dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin yín tán. Ṣadé ló bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí, èmi ń wò ó lórí fóònù, àwòrán ń dúró, ó ń lọ. Nígbà tí mo wá rí ìwé gbà, ẹ ò ní gbà á gbọ́, mi ò kọ́kọ́ lọ sílé. Jámánì ni mo lọ nígbà ooru tó kọjá yìí. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibi tí ẹ tẹ̀.

Háà, Bàbá, Ṣadé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ó ní orí bẹ́ǹṣì yìí ni Bàbá jókòó sí. Ibí yìí ni orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Ère àwọn obìnrin tí ò wọṣọ yìí ni Bàbá fi fìlà bojú kọjá lára wọn. Ó ń tọ́ka síbí, ó ń tọ́ka sọ́hùn-ún, bí ẹni tó dá ni yín. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí i tiyín, kò sẹ́ni tó sáré wá bá mi. Ṣadé ní kí n yéé sín yín jẹ. Mo dá a lóhùn burúkú, ni a bá ń rìn lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, láàárín àwọn igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin bí búrẹ́dì. Òdòdó wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, àti àwọn igi nínú àpótí pákó. Mi ò rí ẹwà kankan lára wọn.

A dé ìsàlẹ̀ ọgbà. Ilé gígùn kan wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ṣadé dúró. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Pé ilé ọsàn nìyẹn, ibi tí àwọn ọba ń kó igi ọsàn wọn sí kí òtútù má baà pa wọ́n. Pé bí ẹ ṣe gbọ́ pé ilé ọsàn ni, ẹ ní ẹ ò wọ ibẹ̀. Pé ẹ ní ti ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn, ọjọ́ tí mo bá dé lẹ̀yin àti èmi máa jọ wọlé. Òun bẹ̀ yín títí, ẹ ò gbà. Látìgbà náà, òun pàápàá kò tíì wọ ibẹ̀.

Bàbá, mo ti gbàgbé! Lẹ́yìn oúnjẹ, ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ ó fi abẹ bó ọsàn, èèpo rẹ̀ á máa gùn, kò ní já, ẹ ó sì fi í kọ́ mi lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ ó wá gé ọsàn náà lórí. Orí ọsàn yẹn, tèmi ni. Ṣadé á sunkún, á yí mọ́lẹ̀, ẹ ò ní fún un. Àkọ́bí ló ni ín, ọ̀rọ̀ tán.

Mo wojú Ṣadé nígbà náà, mo rí i pé òun náà ń jowú mi. Ó dùn mọ́ mi, ẹ má bínú. Mo ní kó dúró síta dè mí. Ó dúró.

Ilé náà ṣófo, Bàbá. Igi kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan ń fomi fọ ilẹ̀, àmì ìdí àpótí nìkan ló kù lórí ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì títí lọ. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ọsàn fún un. Ó mú mi lọ sójú fèrèsé, ó nawọ́ síta. Àṣé àwọn igi inú àpótí pákó tí a ti ń kọjá lára wọn láti àárọ̀ nìyẹn. Tí ooru bá dé, wọn a kó wọn síta kí wọ́n gba oòrùn. Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin lọ. Ká ní ẹ wọlé lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀ bá bá wọn níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò wọlé? Ta ló ní kí ẹ dúró dè mí? Mo dúró lórí àmì kan nínú àwọn àmì yẹn, mo sunkún débi pé ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ omi rẹ̀.

Mo nu ojú, mo jáde. Ṣadé bi mí pé báwo ni. Mo ní ó kún. Mo ní ọsàn so jìngbìnnì, pé ó ń ta sánsán bí ẹ̀yìnkùlé wa, pé àfi bí ẹni pé ẹ jókòó síbẹ̀. Irọ́ ń dà lẹ́nu mi gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Kò ní kí òun náà wọ ibẹ̀ wò. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, a sì ń lọ.

Bí òtútù ṣe dé báyìí, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n á ti máa kó àwọn igi náà padà sínú ilé. Ìtòsí ibẹ̀ ni Ṣadé ń gbé. Ó lè jí ní Sátidé kan kó lọ bá ilé náà ní kíkún, èmi tí ẹ fi í sílẹ̀ dè, òfìfo ni mo bá. Mo rò ó títí lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ìyá arúgbó náà lóògùn ọ̀sán láàárọ̀. Ni mo bá pe Ṣadé lónìí. Mo fẹ́ pàṣẹ fún un bí ẹ̀gbọ́n pé kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe jẹ́, òótọ́ ló jáde lẹ́nu mi.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní tí ooru bá ti dé, gbogbo ará ìlú àwọn ló ń rí àwọn igi náà níta. Òun ń wò mí bí mo ṣe ń kọjá lára wọn, òun sì rí i pé mi ò mọ̀ wọ́n. Òun ò wá lè là á mọ́ mi lójú pé ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ dè mí ṣófo. Ẹ gbọ́ nǹkan o! Ìwà dáadáa náà, ó tún fi borí mi. Ẹ sọ fún mi, Bàbá, èwo ni kí n wá jowú báyìí?

Mo bi í bóyá ó ti débẹ̀ látìgbà tí òtútù ti dé. Ó ní rárá, ẹ ò yọ̀ǹda fún òun. Ó ní òun ń dúró dè mí.

Nítorí náà mo máa lọ. Tí mo bá ti gba àyè níbi iṣẹ́, kí òtútù tó lọ, mo máa lọ. Èmi àti Ṣadé jọ máa wọlé. Tí a bá jáde, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, màá bó ọsàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ ọ láti àárọ̀, tí ìdáná mi kún fún èèpo. Ní ti orí ọsàn náà, ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó wò bóyá màá fún un.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín ju bí Ṣadé ṣe fẹ́ràn yín lọ.