Ààlè Pupa Tó Wọ Àkùrọ̀ Wa

Ifẹ̀-Ọ̀dàn,
nítòsí Ẹ̀jìgbò.

Bọ́látitó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yẹ̀ níhìn-ín kò ní í jẹ́ kí tìrẹ náà yẹ̀ lọ́hùn-ún, o kò ní í ríbi lọ, o kò ní í ríbi bọ̀, àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ti dẹwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dẹwọ́. Wọ́n ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa tán, àfi òkè ibi tí èmi gan-an ń jókòó sí ni òjò ṣì ń gbà wọlé.

Ojú mi ti rí nǹkan, Bọ́látitó. Èmi tí mo gbé Àbíjàn, tí mo rí afárá tó kọjá lórí ọ̀sà, tí mo rí ilé tí wọ́n fi dígí kọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, mo rò pé kò tún sí ohun tó lè yà mí lẹ́nu láyé. Mo ṣì í rò ni.

Mo lọ sí ìpàdé àwọn díákónì ní Ẹ̀jìgbò, nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo gba àkùrọ̀ wa kọjá kí n wo ata, ni mo bá bá èèkàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti etí odò, ó tò gba àárín ebè ata kọjá, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà mọ ààlè. Ẹni tó bá ní igi tàbí èso tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, nǹkan pupa báyìí ló ń so mọ́ ọn, ẹni tó bá sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò rí ààlè tó gùn tó odindi oko rí! Díákónì ni mí, n kò bẹ̀rù ààlè, ṣùgbọ́n n kò wọ ibẹ̀. Mo yí padà, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn apẹja kó àwọ̀n wọn, àwọn ọdẹ gba ibòmíràn. Ata pọ́n, ata rà. Ìyá rẹ ní ṣé ó yẹ kí Kristẹni máa sá fún àkísà, mo ní kó lọ ká ata náà nígbà náà, òun náà kò lọ.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn tó ri èèkàn náà mọ́lẹ̀ dé. Àṣé yunifásítì ni wọ́n ti wá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Ràshídátù ló ṣáájú wọn. Mo fi Faransé Àbíjàn kí wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé mo lajú, wọn kò gbọ́. Wọ́n ní ìwádìí odò wa ni àwọn ń ṣe. O rántí pé àwọn tó ṣe títì nígbà tí o wà ní kékeré fi katakata la odò náà gbọọrọ, láti ìgbà náà ni omi ti ń sáré kọjá, ibi tó máa ń ṣẹ́ kọ̀rọ̀ sí tẹ́lẹ̀ sì gbẹ, ìyẹn ló di àkùrọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá omi lè padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, kí àwọn ẹran odò tó ń kú tán lè rí ibi gbé. Aṣọ pupa yẹn, ibi tí omi máa gbà ni wọ́n fi sàmì sí. Mo ní háà, ẹ ò bá so funfun.

Bí wọ́n ṣe wọ inú koríko tó ti bo ebè, dókítà pariwo. Mo rò pé ejò ni. Kí n tó débẹ̀ ó ti kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹyin funfun roboto-roboto sì wà nínú yanrìn níwájú rẹ̀. Ó ní ẹyin ìjàpá odò ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ, pé àwọn ti wá a títí lórí odò yìí, àwọn sì ti ń rò pé ó ti tán. Wọ́n bi wá pé ta ló ṣọ́ ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi tẹ ẹyin náà mọ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò nawọ́ sí mi. Mo kọ́kọ́ gbà á, mo tún fìlà ṣe. Nígbà tó yá ni mo sọ òtítọ́ pé ààlè wọn ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé kì í ṣe ààlè.

Wọ́n mú ìyá ìjàpá náà nínú omi, wọ́n so fóònù kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n dá a padà. Ibikíbi tó bá lọ, wọ́n á rí i lórí kọ̀ǹpútà. Mo bi wọ́n pé ta ló ń ra káàdì sí i. Dókítà ní kì í lo káàdì, òkè ọ̀run lọ́hùn-ún ló ń pè. Mo ṣí fìlà. Gbogbo àdúrà tí èmi ń gbà láti ọjọ́ yìí, àṣé ìjàpá ń pe òkè, wọ́n sì ń gbé e! Mo bẹ̀ wọ́n pé bó bá tún pè, kí wọ́n bá mi kí i, kí wọ́n ní èmi ni onílẹ̀.

Wọ́n tún rán ẹyẹ onírin kékeré kan tí kò ní awakọ̀ sókè, wọ́n fi àwòrán tó yà hàn mí. Mo rí oko mi láti òkè, bí Ọlọ́run ṣe ń rí i. Ojú ọ̀nà odò àtijọ́ hàn kedere lórí ilẹ̀ bí àpá, ó la àkùrọ̀ wa kọjá. Ẹ̀rù bà mí. Inú mi sì bàjẹ́, nítorí láti ìgbà tí o ti wà nílé ìwé ni mo ti ń sọ pé ilẹ̀ yìí, tìrẹ ni. Dókítà ní ètò orí ìwé lásán ló ṣì jẹ́, bí n kò bá fọwọ́ sí i, àwọn á fi odò sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní màá rò ó. Nínú mi, mo ti kọ̀.

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá ni àwọn ẹyin náà pa. Àwọn ọmọ ìjàpá yẹn kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Bí wọ́n ṣe jáde nínú yanrìn, kò sẹ́ni tó júwe ọ̀nà fún wọn, gbogbo wọn kọjú sí odò. Ṣùgbọ́n odò jìnnà, ebè ata wa sì dábùú ọ̀nà. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á já bọ́, wọ́n á tún gùn ún, oòrùn sì ti ń mú. Mo fẹ́ kó wọn sínú agbọ̀n, dókítà ní kí a má fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Mo dúró títí, ara mi kò gbà á mọ́. Mo mú ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ebè níwájú wọn, mo tú èyí, mo tú ìyẹn, ìyá rẹ tó ń bínú bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi ata kúrò lọ́nà, títí ilẹ̀ fi tẹ́ dé etí omi. Èyí tó gbẹ̀yìn wọ odò, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, láti èèkàn dé èèkàn, n kò ní àkùrọ̀ mọ́. Mo ní kí dókítà mú ìwé rẹ̀ wá.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ohun tí mo pè ní tìrẹ ni mo fi tọrẹ láìbi ọ́, má bínú sí mi. Ó ń dùn mí, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Láti ìgbà tí o ti dé Èkó ni a ti ń fi àpò ata ránṣẹ́ sí ọ, ní báyìí ìwọ ni kí o máa fi owó ata ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Kí o fi díẹ̀ lé e kí n ra bàtà rọ́bà, nítorí wọ́n ti fi mí ṣe olùṣọ́ odò. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì o, ẹ̀rọ tó ń pọ owó yẹn kò mọ̀ mí rí. Sùlàímọ́nù awakọ̀ ni kí o fún, òun mọ ilé wa.

Ọlọ́run á dúró tì ọ́. Níbi tí nǹkan bá ti dábùú ọ̀nà rẹ, Ọlọ́run á gbé ẹnì kan dìde tí yóò tú ebè tirẹ̀ kí o lè kọjá.

Èmi bàbá rẹ,
Díákónì Oyèdèjì.