Ọdún Méjì Ni Wọ́n Fẹnu Kò Sí, Márùn-ún Ni Mo Kọ

Ẹ má fi orúkọ mi hàn o. Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, irọ́ yẹn sì ti fẹ́ lé ìyá oníyàá kúrò nílé ara wọn... mi ò mọ ibi tí mo máa gbà.

Mẹ́kà ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, Àlàájì, ni mò ń gbé ní àdúgbò Ka'kiyah. Àwọn ni mahram mi, ìyẹn ọkùnrin ẹbí tó dúró fún mi níbí, orúkọ wọn ló wà nínú gbogbo ìwé mi ní school. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ sí Nàìjíríà lónìí, ó parí nìyẹn. Àwọn náà ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ ìlú wa ní Jeddah àti Mẹ́kà, èmi ni secretary. Ọdún méjì méjì ni alága máa ń lò. Nígbà tí tiwọn fẹ́ pé, wọ́n ní ká sọ ọ́ di márùn-ún. A ṣe meeting lórí ẹ̀ ní Jeddah, àwọn èèyàn nawọ́, wọ́n ní kó dúró sí méjì. Èmi gan-an ni mo ka ọwọ́ wọn. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, Àlàájì ò pariwo mọ́ mi o, wọ́n kàn ní kí n kọ márùn-ún. Mo kọ ọ́.

Àwọn tó rántí dákẹ́, torí Àlàájì ló ń bá wọn sáré ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn. Àlàájà kan ṣoṣo ló dìde ní meeting tó tẹ̀ lé e, aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Balad ní Jeddah, wọ́n ti wà níbí kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ọdún méjì la sọ. Àlàájì yíjú sí mi: "Secretary, ka ohun tó o kọ." Mo kà á... ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Àlàájì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé sí Àlàájà, ká máa fi àdúà ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín!

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ Àlàájà ọkùnrin lára. Tí wọ́n bá ti wá kọ́kọ́rọ́ tì báyìí, á ní wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan nìyẹn. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan, kò gbọ́. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n lọ máa sinmi nílé ní Nàìjíríà. Àlàmísì tó ń bọ̀ yìí ni flight.

Lánàá, Àlàájà pè mí. Mo ti ń retí èébú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mú bírò lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí àwọn tó nawọ́, mo rántí aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ṣé orí mi ló ti dà rú ni?"

Mo ní kí wọ́n máa sùn dáadáa. Èmi o! Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Mo ti kúnlẹ̀ bẹ Àlàájì pé ká tún un ṣe. Wọn ò bínú rárá, wọ́n kàn bi mí pé ta ló fọwọ́ kọ ọ́, àwọn ni àbí èmi? Mo lọ ṣe tawáàfù yíká Kábà ní Haram, mi ò lè gbójú sókè wò ó. Ọdún kan péré ló kù kí n ṣe tán, ìyá mi ò ní ìròyìn míì tó ń sọ fáráyé ju tèmi lọ. Tí mo bá sọ òótọ́, èmi ni wọ́n máa dá padà sílé. Tí mo bá dákẹ́, Àlàájà á máa rò títí tí wọ́n á fi kú pé orí àwọn ò pé mọ́...

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, kí lẹ máa ní kí n ṣe? Ṣé Àlàájà ni kí n kọ́kọ́ pè ni, àbí ọmọ wọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń di ẹrù.