Ìwé Ìkẹ́dùn sí Ẹbí Fábíyìí, Nítorí Àwọn Ẹní tí A Tẹ̀ Mọ́lẹ̀

Sí gbogbo ẹbí Fábíyìí ní Ìbéṣe, àti ẹ̀yin ọmọ olóògbé, Jọláolúwa àti Tìmílẹ́hìn,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ojú tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè wo ojú yín, ni àwa Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi ń bá yín kẹ́dùn lórí ìpapòdà ìyá yín, Ìyáàfin Agnes Fábíyìí, tí wọ́n dágbére fún ayé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó yẹ kí ìwé yìí ti dé ọwọ́ yín ṣáájú àsìkò yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé wa, Tìrìmísíyù Sànní, kọ ọ́, tó ń yin olóògbé bí a ṣe máa ń yin òkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fà á ya. Ìpàdé wá pinnu pé kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí orúkọ rẹ̀ má sì fara sin nínú rẹ̀.

Kò sí oníṣẹ́ ọnà kan lágbègbè yìí tí kò jẹ nínú oore wọn. Ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja létí ọ̀sà Ìbéṣe ni wọ́n sọ di gálárì. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri rẹ̀, síbẹ̀ òórùn èéfín kò kúrò níbẹ̀ títí di òní. Ayàwòrán ni àwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbé kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Nígbà tí Sànní dé láti Ìkirè pẹ̀lú ère mẹ́rin nínú àpò ìrẹsì, ilé mẹ́ta ni wọ́n ti lé e padà kó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n yẹ ère náà wò títí, wọ́n ní, "Ìwọ lo gbẹ́ ẹ? Ó yá, gbé e wọlé." Àwọn ni wọ́n wé ère náà sínú ọ̀rá, tí wọ́n bá a gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ sí Èkó. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ wa ṣe àfihàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́. Olóògbé kò mú àwòrán tiwọn wá. Ẹní mẹ́fà ni wọ́n gbé wá, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Mọ̀nsúrát, ìyá àgbà kan ní Ejinrin tó máa ń hun ẹja àti ọkọ̀ ojú omi sára ẹní láìkọ́kọ́ yà á sórí ìwé. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a gbé wọn kọ́ sára ògiri. Sànní ló ń bójú tó bí a ṣe ń to iṣẹ́. Ó ní ilẹ̀ ni ipò ẹní, ó sì tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́nu ọ̀nà. Àwa ìyókù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn àlejò dé, tàwọn ti bàtà ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n gun orí àwọn ẹní náà. Ìyá àgbà náà wọ aṣọ tuntun wá wo iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn ló bá a.

Olóògbé kò pariwo. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ká àwọn ẹní náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá dúró lé e ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbẹ́sẹ̀ díẹ̀." Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sànní, tó dúró lé ọ̀kan, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà. Ó gbẹ́sẹ̀. Kò bá wọn ká ẹyọ kan. Ó jẹ́wọ́ fún wa ní ìpàdé pé òun ti di ẹni ńlá nígbà náà, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí àpò ìrẹsì.

Olóògbé gbé àwọn ẹní náà kọ́ sínú gálárì wọn ní Ìbéṣe. Díẹ̀díẹ̀, èèyàn ń wá wò wọ́n, àwọn ahunní Ejinrin sì ń rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí àwọn àlejò òkè òkun wá ní 2022, tí wọ́n béèrè ẹni tó kọ́kọ́ mọ iyì ẹní wọ̀nyí, Sànní dìde, ó ní ẹgbẹ́ wa ni. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Olóògbé wà láàárín wa níbẹ̀. Wọ́n wo Sànní, wọ́n sì wolẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Sànní lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó dé iwájú ilé, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó sì yí padà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ bá òun wí ni. Ìgbà tí a wá kí yín ni Jọláolúwa tó sọ fún un pé, "Màámi kàn fẹ́ kí ẹ bá àwọn gbẹ́ igi tí wọ́n máa fi gbé ẹní kọ́ ni, sà. Ikán ti jẹ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ yín làwọn fọkàn tán." Sànní jáde síta, ó dojú kọ ọ̀sà, a sì jẹ́ kó dá nìkan wà níbẹ̀.

A ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Mọ̀nsúrát ní Ejinrin. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀ ti lọ." A kò ní àwáwí.

Sànní ti gbẹ́ igi náà, yóò gbé e wá bí ẹ bá gbà á láyè. Ẹgbẹ́ ti kọ̀wé sí àwọn àlejò òkè òkun náà láti sọ òótọ́ fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí gálárì náà wà ní ṣíṣí, àwa ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa pín ọjọ́ ṣe láti bá yín dúró tì í, lábẹ́ àṣẹ yín. Ní ọjọ́ ìsìnkú, a kò béèrè àyè láti yìn wọ́n. Àyè láti sọ ohun tí a ṣe ni a ń tọrọ. Bí ẹ bá sì ní kí a dákẹ́, a ó jókòó sẹ́yìn, a ó dákẹ́.

Kí Ọlọ́run tó rí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yín tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó tu ẹ̀yin ọmọ àti gbogbo ẹbí nínú, kí Ó sì dúró tì yín láwọn àárọ̀ tí ilé yóò dá páropáro. Ní ti àwa, a kò bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó tètè mú ìtìjú yìí kúrò lójú wa.

Israel Ọláòtán, Alága
Tìrìmísíyù Sànní, Akọ̀wé