Kọfí Tí A Kì Í Mu

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Bàbá Kékeré ló fún mi ní ìwé yìí. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, rédíò ni wọ́n ń tún ṣe nínú yàrá iwájú. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí èdè wọ òun lára, kó máa fi kọ àṣírí rẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi kàwé lókè òkun. Oṣù márùn-ún rèé tí mo ti padà sílé Ìyá Àgbà — mo ń gbọ́ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n tí mo bá lanu, ńṣe làwọn ọ̀rọ̀ á máa ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó dáa. Ìwé ò mọ bí wọ́n ṣe ń fini rẹ́rìn-ín.

Àṣírí àkọ́kọ́ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi pè lónìí. Òun àti ọmọ tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìlélógún. Ọmọ oṣù méjì, kò tíì sẹ́ni tó fojú kàn án nílé yìí, àfi nínú fóònù. Ọ̀gá ni mo ń pè é, torí nínú gbogbo àwòrán rẹ̀ ló ti lejú mọ́ wa bí ọ̀gá tó ń dúró de òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé.

Inú wa dùn. Inú Ìyá Àgbà náà dùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò: ẹ máa gbé e o, èmi á máa wò ó.

Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kì í ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ìkókó. Ìgbà tí mo wà ní ọmọ oṣù mélòó kan, wọ́n gbé mi, ọwọ́ wọn ha mí lẹ́yìn. Ilà pupa, ọjọ́ méjì. Màmá mi ò sọ nǹkan kan. "Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá ẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n bá lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n jẹ́ kí n wo ọwọ́ náà dáadáa. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe alágbàfọ̀: ọṣẹ, omi gbígbóná, oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun. Àtẹ́lẹwọ́ le bíi pákó. Orí ìka là wẹ́wẹ́. Wọ́n ní síkáàfù sílíkì kan. Tí wọ́n bá ń ká a, ìka wọn á kọ́ ọ, á dún ṣáá. Ìpara mẹ́ta ni mo ti rà. Gbogbo rẹ̀ yọ̀ lórí ọwọ́ yẹn bí omi lórí ewé kókò.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Tèmi, bó bá tiẹ̀ wọ akèrègbè, á ha á lára." A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín ọ̀hún tó tán, wọ́n ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró.

Mo rántí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá nílé ìwé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń fi kọfí ha ara rẹ̀. Balùwẹ̀ á máa ta sánsán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dán bí abọ́. Mo sọ fún Ìyá Àgbà.

"Kọfí? Èyí tí wọ́n ń mu?"

Bẹ́ẹ̀ ni mà.

"Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀ náà nìyẹn."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo kọ́kọ́ dán an wò lára ara mi. Ó bàjẹ́. Kọfí inú agolo àti ṣúgà ni mo lò, irú kọfí tí ń yòrò nínú omi. Ó sì yòrò. Ọwọ́ mi dúdú, ilẹ̀ balùwẹ̀ dúdú, tówẹ̀lì funfun Ìyá Àgbà — ká má sọ ọ́.

Wọn ò bínú. Wọ́n dijú, wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ojú àbàwọ́n náà, wọ́n fà á lọ fà á bọ̀. "Kọfí. Ṣúgà. Kò sí mílíìkì." Bí ẹni ń kàwé. Kí oòrùn tó wọ̀, tówẹ̀lì ti funfun padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ bá oníkọfí tó wà níkòríta. Ẹgbẹ́ mi ni, ó máa ń so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ èjìká bíi jagunjagun. Mo fẹ́ èyí tó máa ń ṣẹ́ kù tó bá ti se kọfí tán, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní kọfí tó ti kú.

Ó wò mí. Ó ní, "Kọfí tèmi kì í kú. Ó máa ń fẹ̀yìn tì ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lò ń wá."

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Mo gbé e délé lẹ́nu, mo gbé e délé nínú ọ̀rá. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó jọ ara rẹ̀ tó báyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti bu. Mo gbàgbé rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó hu irùngbọ̀n funfun. Ìyá Àgbà ní kò sóhun tó tutù tí wọ́n ń dì pa, aṣọ ni àbí kọfí. Kí n sá a kọ́kọ́. Èmi tí mò ń gbé nílé alágbàfọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun, ó gbẹ táútáú. Mo pò ó pọ̀ mọ́ òróró àgbọn àti iyọ̀. Iyọ̀ ni àṣìṣe. Ó wọ ojú ibi tó là. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ yọ, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ wẹ̀ mí ni àbí o fẹ́ sè mí?"

Ojú tì mí gan-an. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó ṢIṢẸ́. Èyí ni mo pò, kí n má baà gbàgbé: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbígbẹ ife kan, ṣúgà tó kúnná ìdajì ife, òróró àgbọn ṣíbí mẹ́rin, oyin ṣíbí kan. Kí ọwọ́ kọ́kọ́ wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, títí orin méjì á fi tán nínú rédíò Bàbá Kékeré. Lẹ́yìn náà kí n máa fi yí i roboto, jẹ́jẹ́, má fi agbára ṣe é. Kí n fi omi ṣàn án. Kí n fi òróró díẹ̀ pa á nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ.

Èmi lórí àpótí, Ìyá Àgbà lórí àga, ọpọ́n láàárín wa. Nígbà tí ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi, ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ̀wù dókítà tí wọ́n máa ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó mọ́. Ìyàwó kan tí wọ́n mọ̀ pé ó ń sunkún, torí aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ máa ń ní iyọ̀ omijé lójú kan ṣoṣo, ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan tí iyọ̀ ò sí mọ́, Ìyá Àgbà lọ kí i kú oríire láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi mọ gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí n kan àtàǹpàkò ọ̀tún. Wọ́n ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Fi eléyìí sílẹ̀. Ojú mi ni."

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ìka mẹ́sàn-án ò tó ẹ?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí ẹ̀rín tó pa mí.

Inú ìgò ni mo rọ kọfí ìwẹ̀ sí, mo gbé e sórí pẹpẹ ìdáná. Láàárọ̀ yìí Bàbá Kékeré ní kọfí tí mo ṣe yẹn dáa o. Ó ní òróró díẹ̀, ó sì ń rún lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dáa. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn, wọn ò fẹ́ bà mí nínú jẹ́. Ife méjì ni wọ́n mu. Lánàá, àti lónìí.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Kékeré dúró, wọ́n gbé ife dání, wọ́n ní, "Kò burú. Ó ti fọ inú mi, ó ti dán." Àwọn fúnra wọn ló kọ bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìgò: KỌFÍ TÍ A KÌ Í MU.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dí ihò tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde. Bàbá Kékeré fi wáyà rédíò ṣí i, wọ́n ń kùn. Láti òní lọ, inú ìkòkò òdòdó la ó máa da omi ọwọ́ Ìyá Àgbà sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti Ọjọ́rú, ojoojúmọ́ ni à ń gbé ọwọ́ sínú omi, ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń fi kọfí yí i. Òní, Ìyá Àgbà mú síkáàfù sílíkì náà jáde fúnra wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ òsì, wọ́n fà á. Kò kọ́ níbì kankan. Wọ́n tún fà á. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin nínú imú.

Ọwọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́rin — kò dún. Àtàǹpàkò — ṣáá.

Mo na kọfí sí wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa mọ́ bí ọmọdé tó jí ṣúgà.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ọ̀gá ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Àyà bàbá rẹ̀ nìkan ló ń sùn sí, bàbá rẹ̀ ò sì ní bá wọn wá. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní ó dáa náà, àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀, àwọn á máa wò ó.

Ẹ̀rù ni. Mo rí i wàyí, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní mi ò rántí ilà pupa kankan. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tí ibà mú mi, ọwọ́ kan ń lọ ń bọ̀ lẹ́yìn mi títí mo fi sùn, ó sì rí gbàrùgbàrù. Mo ní ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wá ọwọ́ yẹn nílé ìwé, mi ò rí i. Àwọn ọ̀rọ̀ ò ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tò jáde.

Wọ́n ní, "O ti wá ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Wọn ò sọ pé àwọn á gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Ọ̀gá sunkún láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá Kékeré gbé e, wọ́n tan rédíò mẹ́ta fún un. Ó sunkún borí rédíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé e. Ó lejú mọ́ mi gan-an bíi ti inú fóònù, ó tún ké. Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò tíì sùn láti àná.

Ìyá Àgbà wà nídìí ọpọ́n. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n ń fọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ tówẹ̀lì funfun yẹn sórí itan.

"Ẹ gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́sàn-án gbà á, wọn ò mira. Ó ń ké síbẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ wọn fẹ́ gbé e padà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà yẹn ni àtàǹpàkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ọmọ náà, bí ìgbà tí wọ́n ń ka àbàwọ́n aṣọ. Ṣáá. Ṣáá. Gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Ọ̀gá dákẹ́. Ó la ojú kan. Àtàǹpàkò dúró — ó lejú. Àtàǹpàkò tún ń lọ. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì í, ó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ba, ó ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè díẹ̀ lẹ́yìn. Ilà pupa tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Mo rí i. Ìyá Àgbà rí i pé ẹ̀gbọ́n mi rí i, wọ́n gbójú sókè wò ó lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi da ẹ̀wù bo ilà náà padà. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró."

Wákàtí méjì rèé tí mo ti ń kọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò tíì dáwọ́ dúró.