Ìdérí Tìróò Tí Mo Pààrọ̀

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ṣàpọ́n,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Àǹtí Làtífátù mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé ikọ́ Mùs'áb ti lọ? Ṣé ara ọkọ yín le? Ará ilé wa wà dáadáa, àfi èmi tí ọ̀ràn dé bá láti àná. Lẹ́tà ni mo kọ torí bí mo bá pè yín, ẹ máa rò pé eré mi náà ni, èmi tí mo máa ń sín ohùn gbogbo ayé jẹ.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Tóyìn ní Kuto, níbi tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ojú ìyàwó. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi dán gbogbo àwọ̀ wọn wò. Àtíkè ìpénpéjú tó jẹ́ búráùn máa ń wọ awọ ara wa bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ti wúrà ń gbọ̀n dànù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àfi kí ẹ fi ìka tútù tẹ̀ ẹ́. Ti búlúù, bí ẹ ò bá fi funfun sábẹ́ rẹ̀, ojú oníbàárà á dà bí ti ẹni tó jẹ ẹ̀ṣẹ́. Tìróò olómi tí wọ́n ń pè ní áíláínà, méjì ni, dúdú ni méjèèjì, ike wọn sì jọra. Èyí tó ní ìdérí pupa, omi lásán ń fọ̀ ọ́ kúrò. Onídèérí dúdú, ṣe ni omi ń yọ̀ lórí rẹ̀ bíi ti ewé kókò. Òróró nìkan ló ń mú un kúrò. Ìyàwó tó bá ṣì máa kírun kí wọ́n tó so yìgì, onídèérí pupa ni Àǹtí ń lò fún un, kí àlùwàlá rẹ̀ lè pé.

Èmi wá pààrọ̀ ìdérí méjèèjì. Aishat tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó máa ń jí onídèérí pupa lé ojú, á sì fọ̀ ọ́ kó tó délé. Aishat ò wá, mo sì gbàgbé.

Láàárọ̀ àná, Àǹtí kun ojú Ummulkulthum, ìyàwó kan láti Kemta tó ṣì máa kírun ọ̀sán kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀, wọ́n sì gba ilé oníbàárà mìíràn lọ. Ìyàwó ti lọ tán kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì, tí mo rí i pé omi ń sá fún tìróò tó wà lára rẹ̀. Aago méjìlá ti fẹ́ẹ̀ lù.

Mo fi fóònù ṣọ́ọ̀bù pe ìyá ìyàwó. Ohùn Àǹtí ló jáde lẹ́nu mi: "Màmá wa, ẹ kú ìnáwó o." Màmá ní, "Tóyìn, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Bí mo bá fi ohùn yẹn jẹ́wọ́, Àǹtí ni wọ́n máa bú. Mo ní, "Màmá, Rodiat ni, ọmọ ṣọ́ọ̀bù," mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ojú ọmọ mi lo wá fi ń ṣeré. Gun ọ̀kadà, kó òróró àti tìróò gidi wá kí wọ́n tó pèrun."

Mo gun ọ̀kadà dé Kemta, mo sì ń fi òwú àti òróró nu ojú ìyàwó. Ojú òsì rẹ̀ pọ́n. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Bí mo ṣe nù ún tán ni wọ́n pèrun. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, mo tún ojú náà kùn. Ó wo dígí, ó ní, "Rodiat, má lọ máa sín ohùn mi jẹ fún wọn ní Kuto o."

Àǹtí Tóyìn ti gbọ́, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí àgbàlagbà kan ò bá wá dúró fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí n wá kó ẹrù mi. Bàbá ní àwọn ò lọ mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ti lọ bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ dákun, ẹ wá. Bí wọ́n bá bi yín bóyá mo ti jáwọ́ nínú eré, ẹ má purọ́ nítorí mi. Ẹ ní ẹ ò mọ̀, àmọ́ ẹ máa dúró fún mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Rodiat.