Àpáta Tí Mo Pè Ní Òfo

Ajé, 12 Oṣù Kìíní, 1998
Kọ́mítì ti buwọ́ lù ú. Ilé mùsíọ̀mù Ìkẹ́rẹ́, àwòrán láti ọwọ́ Monísọ́lá Ọdẹ́yẹmí — orúkọ mi nìkan, nísàlẹ̀ bébà lápá ọ̀tún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń yàwòrán ilé l'Ékòó tí ọ̀gá ń fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Èyí tèmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó ká bébà.

Akínwálé kọngílá ní ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ lòun á kó dáínámáìtì wá láti Àkúrẹ́. Á fọ́ àpáta pẹrẹsẹ tó wà níwájú ibi tí a máa kọ́lé sí, kí a lè ríbi gbé mọ́tò sí, kí a sì mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Pius Fálẹ́yẹ, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju géètì lọ: géètì onírin, alápá méjì, tí wọ́n á kùn ní àwọ̀ góòlù. Mo ti sọ ọ́ ní Baba Géètì. Nínú ìwé yìí nìkan o.

Ìṣẹ́gun, 13
Mo lọ wo ilẹ̀ náà. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà ni.

Oṣù keje èṣí ni mo wá wọ̀n ọ́n, nínú òjò. Kò sí nǹkan kan lórí àpáta yẹn nígbà náà ju omi tó ń ṣàn lọ. Lónìí ó funfun báláú. Láfún ni. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti rẹ sómi, tí wọ́n wá sá sóòrùn. Kòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin ń yí i, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ síra wọn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo imú mi.

Mo tú àwòrán mi wò. Níbi tí àpáta wà, ọwọ́ èmi náà ló kọ ọ́: *Òfo. Kò sẹ́ni tó ń lò ó.*

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí sí Èbúté Mẹ́ta ni mí. Mi ò mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àpáta yẹn ń ṣiṣẹ́. Kò sì sẹ́ni tí mo bi. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́rú, 14
Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Wọn ò ní fọ́ ọ. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ẹtì, 16
Ìyá Àríkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá láfún, ló mú mi rìn yí ibẹ̀ ká. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, á ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ mú. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀: láti ibi tí àpáta ti là dé ibi ihò kékeré kan, tẹnìkan nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí ìjà. Tirẹ̀ wá láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Ulẹ̀ yèyé mi ni," ó ní, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Àríkẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ n'Ígbàrà-Odò, ó gé ìdajì fún un, ọmọ náà ṣì ń gbé kòkó wá sí i.

Mo bi í pé bí kò bá sí àpáta ńkọ́. Ó ní ṣé kí àwọn máa sá a sójú títì kí mọ́tò máa gùn ún ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in.

Àbámẹ́ta, 17
Mi ò sọ fún un. Ojo ni mí.

Ajé, 19
Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀: àwòrán, dáínámáìtì, ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí láfún. Ó ní ṣé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 21
Mo kí wọn, ẹ kú uṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lẹ́jọ́ sọ. Mo fi òkúta tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀, mò ń dá wọn àyè olúkúlùkù. Ọyẹ́ ń fẹ́ téèpù kiri.

Ọjọ́bọ̀, 22
Ìyá Àríkẹ́ wá, ó gbé òkúta mi sọ nù, ó di orí téèpù mú. A wọ̀n ọ́n títí oòrùn fi mú. Lẹ́yìn náà ló ní òkúta mi kò lọ́gbọ́n, ó ti gé nínú àyè òun fún Dorcas tí àyè rẹ̀ kan tòun. Ó ní bí wọ́n bá máa kọ àwọn sínú ìwé, kí wọ́n kọ àwọn pé.

Àyè mẹ́tàlélógójì. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí bébà.

Àìkú, 25
Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bébà tuntun. Mo yí ilé náà padà: ẹnu ọ̀nà kọjú sí àpáta báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí wọ́n lè kó láfún sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá dé lójijì. Mọ́tò á wà lẹ́yìn ilé. Kò sí fẹ́ǹsì. Kò sí géètì. Ẹni tó bá wá wo ohun tí àwọn baba wa lò, á kọ́kọ́ gba àárín ohun tí a ṣì ń lò kọjá.

Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti tu ara mi nínú.

Ìṣẹ́gun, 27
Mo lọ sílé Baba Géètì. Ó fún mi ní omi, ó wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kọmíṣọ́nnà á wá láti Adó, á fọwọ́ dí imú. Ó ní ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ ẹni tó pe ibi tí èrò wà ní òfo gbọ́. Ìyẹn ta mí, nítorí òótọ́ ni.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bí mo bá panu mọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi mí. Wọ́n ti buwọ́ lù ú. Orúkọ mi á dúró lórí rẹ̀.

Mo ní kó pe ìpàdé.

Ẹtì, 30
Ìpàdé. Mo dúró, mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí tábìlì. Ariwo sọ. Àwọn obìnrin wọlé pẹ̀lú láfún lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àríkẹ́ kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, Baba Géètì nìkan ló kọjú sí. Ó ní kó jọ̀ọ́, ibo ni yèyé Baba ti ń sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tà fi rán an lọ sílé ìwé. Baba wo láfún náà, ó ní, "Lẹ́bàá ihò omi."

Kọ́mítì ní kí àwọn obìnrin jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ tèmi fún mi. Àpáta dúró. Àwòrán tuntun ni wọ́n máa fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ibi tí gbogbo ayé rí ní òfo kò lè fi orúkọ sí i. Ayàwòrán-ilé kan láti Adó ni yóò fi tirẹ̀ sí i. Bí mo bá kọ̀, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa lò. Wọ́n ń retí èsì mi láàárọ̀ Ajé.

Àbámẹ́ta, 31
Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé ìyà yẹn ti tán.

Ajé, 2 Oṣù Kejì
Irú bébà yìí, yíǹkì rẹ̀ kì í pa rẹ́. Abẹ la fi ń ha á. Mo jí ní kùtù, mo ha orúkọ mi kúrò, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, jẹ́jẹ́, kí bébà má baà ya. Mo fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Kò ya.

Mo gbé e fún Baba Géètì. Ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó rí ibi tí bébà ti fẹ́lẹ́, ó ní mo ṣeun. Akínwálé yí lọ́rì rẹ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Mo gba orí àpáta kọjá bí mo ṣe ń bọ̀. Ìyá Àríkẹ́ ń yí láfún. Ó ní òun ti sọ fún Àríkẹ́ àti gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ pé Monísọ́lá ló ya ilé náà. Ó bi mí bóyá orúkọ mi wà nísàlẹ̀ bébà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é.

Mo ní ó wà níbẹ̀.